Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Tọkọtaya Tó Ń Múra Intafíù Gíríìnì Káàdì ní Amẹ́ríkà

Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa máa ń bi mí jù nìyí, àwọn tó wà ní Houston, ní Maryland, ní Chicago, tí lẹ́tà intafíù ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́, tí wọn ò wá rí oorun sùn mọ́. Tọkọtaya tó fẹ́ra wọn tinútinú ni mo kọ ọ́ fún. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ibi tí kò léwu ni wọ́n ń sá fún, wọ́n á máa há àwọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ara wọn sórí, nígbà tó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sáìn, wọn ò tíì kà á lẹ́ẹ̀kejì látìgbà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, tí ọ̀rọ̀ yín bá díjú, ẹ wá lọ́yà imigiréṣọ̀n tó dáńtọ́ kẹ́ ẹ sanwó fún un.

Kí ló dé tí wọ́n ń pè wá? Ṣé wọn ò gba ìwé ìgbéyàwó wa gbọ́ ni?

Ìwé ìgbéyàwó kàn ń sọ pé ẹ lọ sáìn níwájú ẹni tí òfin gbà láyè ni, kò sọ pé ẹ jọ ń gbé ayé. Ohun tí USCIS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ imigiréṣọ̀n, fẹ́ mọ̀ ni ohun tó wà lọ́kàn yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ra yín, ṣé láti jọ gbé ni àbí torí káàdì. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣe òfin tó dojú kọ ìgbéyàwó èrú ní tààrà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5, owó ìtanràn lè tó $250,000, ọmọ Amẹ́ríkà tó bá wọn dì í náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: iṣẹ́ méjì ni ọ́físà, ìyẹn òṣìṣẹ́ USCIS tó máa bi yín ní ìbéèrè, ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkíní ni I-130, fọ́ọ̀mù tí ọkọ tàbí aya fi fa ẹnì kejì kalẹ̀, ìyẹn bóyá ìgbéyàwó yín jẹ́ òótọ́. Ìkejì ni I-485, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ káàdì fúnra ẹ̀, ìyẹn bóyá ẹni tó fẹ́ gba káàdì ní nǹkan kan lẹ́yìn tó lè dí i lọ́wọ́, bíi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, bó ṣe wọ̀lú, irọ́ tó ti pa fún wọn rí. Gbogbo ayé ló ń múra fún ìkíní. Ìkejì gan-an ló máa ń ká tọkọtaya gidi lọ́wọ́ kò.

Ìwé wo la máa kó dání?

Lẹ́tà tí wọ́n fi pè yín (I-797C ni wọ́n ń kọ sórí ẹ̀), pásípọ́ọ̀tù ẹ̀yin méjèèjì, títí kan èyí tó ti ẹ̀kíspáyà tí físà tẹ́ ẹ fi wọlé wà nínú ẹ̀, I-94 (àkọsílẹ̀ ìgbà tẹ́ ẹ wọ Amẹ́ríkà), lásẹ́ǹsì tàbí ID, ojúlówó ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ṣègbéyàwó rí. Ẹ tún mú ìwé owó oṣù tuntun àti táàsì tuntun dání nítorí I-864 (fọ́ọ̀mù tí ẹni tó fa yín kalẹ̀ fi ṣèlérí pé òun á gbọ́ bùkátà yín), ẹni náà gbọ́dọ̀ ní owó tó tó 125% ìlà òṣì tí ìjọba àpapọ̀ ń gbé jáde lọ́dọọdún, tí owó ẹ̀ ò bá tó ẹ lè wá ẹlòmíì tó máa bá yín fọwọ́ sí i.

Fún ọ̀pọ̀ nínú wa tí wọ́n bí sí Nàìjíríà ṣáájú 1992, ìwé ẹ̀rí tí National Population Commission bá ṣe ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má gbára lé ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù nìkan. Ìwé àyẹ̀wò ìlera, I-693, látọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n ti ní kí wọ́n máa fi sí I-485 látìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fáìlì lẹ́yìn ìyẹn yóò ti ṣe é. Àpòòwé tí dókítà lẹ̀ pa, ẹ má ṣí i o, bó ti wù kó máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ yọjú wo inú ẹ̀.

Ohun gbogbo tí kì í bá ṣe Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ tí olùtumọ̀ fọwọ́ sí. Ojúlówó ní ọwọ́ kan, kọ́pì ní ọwọ́ kejì, kí ó má jẹ́ pé iwájú ọ́físà lẹ ti máa wá tú báàgì kalẹ̀.

Ẹ̀rí wo ló ń fi hàn pé ìgbéyàwó wa jẹ́ òótọ́? Àwa ò ní jọ́íntì àkáǹtì.

Mo mọ̀, àwa Yorùbá, owó ọkọ lọ́tọ̀, owó ìyàwó lọ́tọ̀, ìyá wa tó kó wa dàgbà ní ẹ̀yìn ìsọ̀ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, kò sì sọ pé ìfẹ́ ò sí. Ọ́físà ò lè mọ ìyẹn tẹ́ ẹ ò bá sọ. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: ọkọ ló ń san rẹ́ǹtì àti iná, ìyàwó ló ń ra oúnjẹ tó sì ń san owó ilé ìtọ́jú ọmọ, ẹ wá fi ìwé báǹkì ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn níbi tí owó yẹn ti ń jáde. Owó tí ọkọ ń fi Zelle (ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù) ránṣẹ́ sí ìyàwó lóṣooṣù, ẹ̀rí nìyẹn. Àjọ tẹ́ ẹ jọ dá tẹ́ ẹ fi san owó mọ́tò, ẹ lè sọ ọ́.

Àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀ nìkan. Líìsì ilé tó ní orúkọ méjèèjì, inṣọ́ránsì mọ́tò, inṣọ́ránsì ìlera tí orúkọ ẹnì kejì wà nínú ẹ̀, táàsì tẹ́ ẹ fáìlì gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya, orúkọ ẹni tí yóò jogún 401(k) (owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́) tàbí inṣọ́ránsì ẹ̀mí yín. Èyí tó kẹ́yìn yẹn lágbára gan-an, ó sì rọrùn, ẹ̀ka tó ń rí sí òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín lè yí i padà fún yín. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, orúkọ ìyá wọn tàbí àbúrò wọn ṣì wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti jẹ́ àpọ́n.

Fótò ń kọ́? Ẹgbẹ̀rún fótò ọjọ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo ò tó fótò díẹ̀ tó jẹ́ ti oríṣiríṣi àkókò. Ẹ mú ti ìdána, níbi tí ẹbí méjèèjì ti wọ aṣọ ẹbí tí àwọn alága ń dárà, ẹ mú ti ìkómọ, ti ọjọ́ ìbí, ti ọjọ́ tẹ́ ẹ kàn wà nílé tẹ́ ẹ ń jẹun. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ WhatsApp, ẹ má tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, ẹ mú ojú ewé díẹ̀ láti ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Irú ìbéèrè wo ni wọ́n máa ń béèrè?

Wọ́n á kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ dìde, kẹ́ ẹ na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kẹ́ ẹ búra. Lẹ́yìn ìyẹn, ibo lẹ ti pàdé, ta ló mú yín mọ ara yín, ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, àwọn wo ló wá síbi ìgbéyàwó, ta ló ń jí kọ́kọ́, iṣẹ́ wo ni ẹnì kejì ń ṣe, aago mélòó ló ń wọlé, kí lẹ jẹ lálẹ́ àná, yàrá mélòó ló wà nílé, ta ló ń kó ìdọ̀tí síta. Kò sí ohun tó le nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ́físà á wá bẹ̀rẹ̀ sí ka ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ inú I-485 fún ẹni tó fẹ́ gba káàdì: ṣé ọlọ́pàá ti mú ọ rí, ṣé o ti dìbò ní Amẹ́ríkà rí, ṣé o ti sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé sítísìn ni ọ́, ṣé o ti parọ́ fún wọn rí kí o lè rí físà. Ẹ kà wọ́n nílé kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ yé gbogbo ẹ̀ dáadáa. Tí ọ́físà bá yára sọ ọ́ tí ò yé yín, ẹ ní kó tún un sọ. Ẹni tó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, láìgbọ́ ìbéèrè, ọjọ́ kan á sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí ohun tó yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó parọ́ lẹ́yìn ìbúra.

Intafíù tó bá lọ geere kì í pẹ́, bíi 20 sí 30 ìṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ ẹbí àti orúkọ máa ń dà mí láàmú. Báwo la ṣe máa dáhùn?

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí, torí ibí ni mo ti rí tọkọtaya gidi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí wàhálà lásán. Ọ́físà bi ọkọ pé ọmọ mélòó ni ìyá ẹ bí, ó ní mẹ́ta. Wọ́n bi ìyàwó pé mélòó ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọkọ ẹ, ó ní méje, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ: Bọ̀dá Káyọ̀dé tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ẹ ṣùgbọ́n tí ilé wọn ló dàgbà sí, Àǹtí Bísí tó jẹ́ ọmọ ìyàwó kejì, àwọn ìbejì tí ìyá ọkọ ẹ gbà tọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni àwọn méjèèjì sọ. Ṣùgbọ́n létí ọ́físà, iye yẹn ò bára mu.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tò ó: ta ni ọmọ ìyá, ta ni ọmọ bàbá, ta ni ìbátan tí a kàn ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá béèrè, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: “Ọmọ ìyá ẹ̀ jẹ́ méjì, ọmọ bàbá ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mìíràn jẹ́ mẹ́ta, a tún ní ìbátan tí wọ́n jọ dàgbà.” Bákan náà ni ìyá. Tó bá jẹ́ àǹtí yín ló tọ́ yín tẹ́ ẹ sì ń pè é ní mọ́mì, orúkọ ìyá tó bí yín ló gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù, ẹnì kejì yín sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Orúkọ náà ńkọ́. Ìyàwó tí kì í pe ọkọ ẹ lórúkọ, Dádì Tẹni ló ń pè é láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n wá ní kó dárúkọ ọkọ ẹ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ó ń ronú. Ẹ mọ orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ara yín bó ṣe wà, títí kan orúkọ àárín. Gbogbo orúkọ tẹ́ ẹ ti jẹ́ rí, orúkọ ilé bàbá, orúkọ tó wà nínú ìwé WAEC, ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè orúkọ mìíràn ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Mo ní ọmọ kan sílé kí n tó wá. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣé kí n má sọ?

Ẹ sọ. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọkọ tàbí aya yín nílé, kó má jẹ́ pé ẹnu ọ́físà ló ti máa gbọ́ ọ, ìyẹn burú fún ìdílé ju ohunkóhun tí imigiréṣọ̀n lè ṣe. Fọ́ọ̀mù ní kẹ́ ẹ kọ GBOGBO ọmọ, yálà ẹ̀yin àti ìyá ẹ̀ ṣègbéyàwó tàbí ẹ ò ṣe, yálà ọmọ náà wà ní Òṣogbo tàbí ó wà lọ́dọ̀ yín. Ọmọ tẹ́ ẹ fi pamọ́ lónìí, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un wá, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni ìdí tí orúkọ ẹ̀ ò fi sí nínú fáìlì tẹ́lẹ̀.

Mo ti ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì rí, ṣùgbọ́n a ò lọ sí registry. Ṣé ìyẹn ka ìgbéyàwó?

Ó lè kà á o! Òfin Nàìjíríà mọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, tí wọ́n bá ti san owó orí tí wọ́n sì ti fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́, ìgbéyàwó ni níwájú òfin, bí ò tiẹ̀ sí ìwé kankan. Tí ìgbéyàwó yẹn ò bá tíì tú, ìgbéyàwó tẹ́ ẹ wá ṣe ní Amẹ́ríkà lè di òfo. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: ẹnì kan kọ “mo ti ṣègbéyàwó” nígbà tó ń wá físà àbẹ̀wò lọ́jọ́sí, torí ó rò pé wọ́n á fún un ní físà tó bá ní ìyàwó nílé. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ó kọ “mi ò ṣe rí” nínú I-130. Fọ́ọ̀mù méjèèjì wà lọ́wọ́ ìjọba kan náà, ọ́físà á tẹ kọ̀ǹpútà, á sì gbé e jáde.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ máa ń tú, kẹ́ ẹ sì gba ìwé ìdájọ́ ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ṣe ní registry, ilé ẹjọ́ gíga ló ń tú u, wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní decree nisi (ìdájọ́ tí kò tíì parí), oṣù 3 lẹ́yìn ìyẹn ló tó di absolute (èyí tó tú u pátápátá), kẹ́ ẹ sì tó lè fẹ́ ẹlòmíì. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé absolute yẹn dáadáa, kó jẹ́ pé ó ṣáájú ìgbéyàwó tuntun. Tí kò bá ṣáájú, ẹ má lọ sí intafíù láìkọ́kọ́ rí lọ́yà.

Físà mi ti parí tipẹ́, mo sì ti ṣiṣẹ́ láìní pépà. Ṣé kí n sẹ́?

Rárá o. Tó bá jẹ́ sítísìn ni ọkọ tàbí aya yín, tẹ́ ẹ sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú físà, tí wọ́n yẹ̀ yín wò ní ẹ́pọ́ọ̀tù tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sínú pásípọ́ọ̀tù yín, òfin ò fi pípẹ́ yín lẹ́yìn físà tàbí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe láìgbàṣẹ dí yín lọ́nà I-485. Tó bá jẹ́ pé gíríìnì káàdì ni ọkọ tàbí aya yín ní, tí kì í ṣe sítísìn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ ni irọ́ tí wọ́n fi bo ohun tí òfin ti forí jì. Àwọn tó tiiki “sítísìn” nínú fọ́ọ̀mù iṣẹ́, àwọn tó fi pásípọ́ọ̀tù ẹlòmíì wọlé, àwọn tó ti ní àṣẹ kí wọ́n kúrò nílùú rí, ẹ̀yin yìí, lọ́yà kọ́kọ́.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìròyìn jáde láti San Diego pé àwọn ICE (àjọ ìjọba tó ń mú àwọn tó wà nílùú láìní pépà) mú àwọn kan tí físà wọn ti parí níbi intafíù gan-an. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín, tẹ́ ẹ bá kọ̀ láti lọ wọ́n á ka ìwé yín sí èyí tẹ́ ẹ ti pa tì. Ṣùgbọ́n ẹ mú lọ́yà dání, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà ẹ̀ sọ́wọ́ ẹbí kan nílé.

A ò gbé pọ̀ báyìí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé ìyàwó mi lọ sí Dallas.

Òfin ò sọ pé kẹ́ ẹ má kúrò lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ mú lẹ́tà iṣẹ́ ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tẹ́ ẹ fi ń wo ara yín, fídíò kọ́ọ̀lù, líìsì ilé méjèèjì. Ohun tí kò dáa ni kẹ́ ẹ ṣe bíi pé inú ilé kan lẹ wà nígbà tí lásẹ́ǹsì ẹnì kan ń sọ Texas tí ti ẹnì kejì ń sọ Maryland. Tẹ́ ẹ bá kó kúrò níbi kan, ọjọ́ 10 ni òfin fún yín láti fi tó wọn létí, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè ṣe é, AR-11 lórúkọ ẹ̀. Ẹ ò rí i, lẹ́tà intafíù lè lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́, ẹ ò sì ní mọ̀ títí wọ́n á fi kọ̀wé pé ẹ ò wá.

Ṣé ká jọ há ìdáhùn sórí?

Ẹ má há a. Ẹ jọ ka fáìlì yín láti ojú ewé kìíní dé ìparí, ìyẹn ló tó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ pàdé, ọjọ́ ìgbéyàwó, àwọn àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Tó bá di ọ̀rọ̀ ilé, ohun tẹ́ ò bá mọ̀, “mi ò rántí” jẹ́ ìdáhùn gidi. Kò sí ọkọ tó mọ àwọ̀ gbogbo aṣọ ìbora. Ẹni tó ń méfò ló ń kó sínú kòtò, á ní àwọ̀ búlúù, ìyàwó á ní pupa, ọ́físà á wá máa bi wọ́n ní èyí tó jìn jù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì sọ bákan náà bíi pé ẹ kà á nínú ìwé, ìyẹn náà máa ń fa ìbéèrè.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má bá ìyàwó yín dáhùn. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni. Tí wọ́n bá bi í, ẹ pa ẹnu mọ́.

Wọ́n lè pín wa sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣá?

Wọ́n lè ṣe é, lọ́jọ́ yẹn gan-an tàbí kí wọ́n tún pè yín padà. Àwọn èèyàn ń pè é ní Stokes, inú ẹjọ́ kan ní New York tí wọ́n parí ní 1976 ni orúkọ yẹn ti wá. Wọ́n á bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan náà, wọ́n á wá fi ìdáhùn wéra. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti dá yín lẹ́bi. Tí ohun kan ò bá bára mu, wọ́n máa ń béèrè àlàyé, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ ní sùúrù. Ìgbà tí ìdáhùn yàtọ̀ torí ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ òru, bíi pé kò mọ ẹni tó ṣe oúnjẹ àárọ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ṣé a lè mú ògbufọ̀ lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kúkú mú u. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kó ní ID, á sáìn fọ́ọ̀mù G-1256 níwájú ọ́físà. Kí ó má jẹ́ ẹbí tímọ́tímọ́, kí ó má jẹ́ lọ́yà yín. Ẹ kìlọ̀ fún un kó túmọ̀ ohun tí ọkọ sọ gan-an, kó má fi àlàyé tiẹ̀ kún un. Ó sàn kí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò já gaara lo ògbufọ̀ ju kó máa mi orí sí ohun tí kò yé e, kò sí ìtìjú nínú ẹ̀ o.

Aṣọ wo la máa wọ̀? Ṣé ká wo ojú ọ́físà?

Aṣọ tó mọ́ tó bójú mu, bùbá àti ìró dára, súùtù dára. Ojú ní tiẹ̀, ẹ wò ó. Wọ́n ti kọ́ wa nílé pé kí ọmọ má tẹjú mọ́ àgbà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ẹni tó ń wo ilẹ̀ ló jọ ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ sọ ọ́ ketekete kó gbọ́.

Ìyàwó mi fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ. Ṣé wọ́n máa fi ìyẹn dá wa lẹ́bi?

Ìyẹn nìkan ò lè dá yín lẹ́bi, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí wọ́n béèrè si. Ẹ má bínú. Ẹ mú ẹ̀rí púpọ̀ si, pàápàá èyí tó fi hàn pé àwọn ẹbí méjèèjì mọ̀ sí i, fótò pẹ̀lú àna, lẹ́tà látọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí pásítọ̀ tàbí ìmáàmù tó mọ̀ yín.

Ìyá mi kú sílé. Ṣé mo lè lọ sin ín kí wọ́n tó dá mi lóhùn?

Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á tẹ́ mọ́mì sí afẹ́fẹ́ rere. Èyí máa ń dùn mí dọ́kàn torí mo mọ ohun tó túmọ̀ sí fún ọmọ Yorùbá kó má lè wà níbi òkú ìyá ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jáde nílùú láìkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìrìnàjò (I-131 lẹ fi ń wá a), fún ọ̀pọ̀ èèyàn wọ́n á ka I-485 yín sí ohun tẹ́ ẹ ti fi sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà pàjáwìrì fún irú èyí, ẹ pe USCIS, ẹ mú ìwé ikú dání. Tẹ́ ẹ bá sì ti pẹ́ lẹ́yìn físà, ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ká tiẹ̀ ní ìwé àṣẹ yẹn ti jáde.

Ìyàwó mi ṣì wà ní Nàìjíríà. Ṣé bákan náà ni?

Kì í ṣe bákan náà. NVC (ibùdó ìjọba Amẹ́ríkà tó ń kó ìwé físà jọ) ni fáìlì máa kọ́kọ́ lọ, ẹ máa kún DS-260, ìyẹn fọ́ọ̀mù físà, Èkó ni intafíù máa wáyé, ní kọ́ńsúléètì Amẹ́ríkà ní Walter Carrington Crescent, Victoria Island. Ẹni tó wà nílé nìkan ló gbọ́dọ̀ lọ. Ìwé ìwà ọmọlúàbí láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ọ́fíìsì ọlọ́pàá Alágbọn ní Ìkòyí ni ọ̀pọ̀ ti ń gbà á. Ìbéèrè Èkó máa ń dá lórí bẹ́ ẹ ṣe pàdé, ìgbà tí ọkọ wálé kẹ́yìn, àwọn tó wá síbi ìdána. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó nígbà tí ọkọ ò sí nílé, tó jẹ́ fótò ọkọ ni wọ́n gbé sórí àga, ìgbéyàwó yẹn nìkan ò lè tó fún Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́dọ̀ ti jọ wà pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Àṣẹ tí Ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, kan físà àwọn ọmọ Nàìjíríà, títí kan ti àwọn tó fẹ́ lọ gbé. Nítorí náà ẹ wo travel.state.gov kẹ́ ẹ tó san owó àyẹ̀wò ìlera tàbí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú Amẹ́ríkà náà, ẹ wo uscis.gov.

Ẹnì kan ní òun máa fún mi ní owó kí n bá òun ṣègbéyàwó torí pépà lásán.

Ẹ sá fún un. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ sínú fáìlì ẹ̀ pé ó ṣe ìgbéyàwó èrú, ìwé mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá fáìlì fún un lẹ́yìn náà, ọkọ tòótọ́ tàbí ọmọ, wọ́n lè má fọwọ́ sí i láéláé. Mi ò ní ọ̀rọ̀ míì láti sọ lórí èyí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn intafíù?

Nígbà míì wọ́n á fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Nígbà míì ọ́físà á ní òun ṣì ń wò ó, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan fún oṣù mélòó kan. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fi ìwé kan kún un, tàbí kí wọ́n kọ̀wé pé àwọn fẹ́ kọ̀ ọ́, ìyẹn ni NOID, ọjọ́ 30 péré ló sì máa ń fún yín. Ẹ má dá a dáhùn fúnra yín, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà lọ́jọ́ tó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn tún lè wá sílé láàárọ̀ kùtù, wọn ò ní sọ fún yín tẹ́lẹ̀.

Ọkọ mi ń lù mí, ó ní tí mo bá sọ̀rọ̀ òun á fa ìwé mi yọ.

Arábìnrin mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Òfin Amẹ́ríkà ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní VAWA, fún ẹni tí ọkọ tàbí aya ń fìyà jẹ, ẹ lè fáìlì fọ́ọ̀mù I-360 fúnra yín láìsí ọwọ́ ẹ̀ nínú ẹ̀, USCIS ò sì gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ọkùnrin tí ìyàwó ń fìyà jẹ náà lè lò ó. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ lè pè ní ọ̀sán tàbí òru ni 1-800-799-7233, ẹ lè béèrè ògbufọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ilé ìjọsìn sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fara dà á títí káàdì á fi dé.

Káàdì mi ọlọ́dún 2 ni wọ́n fún mi. Kí ló dé?

Torí ìgbéyàwó yín ò tíì pé ọdún 2 lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Láàárín ọjọ́ 90 tó ṣáájú ọjọ́ tí káàdì yẹn máa parí, ẹ̀yin méjèèjì á jọ fáìlì I-751 (fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kúrò lórí káàdì ọlọ́dún 2), ẹ̀rí ìgbé-pọ̀ lẹ sì tún máa kó jọ. Tí ìgbéyàwó bá ti tú kó tó dìgbà náà, ẹ ṣì lè fáìlì nìkan pẹ̀lú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ àti ẹ̀rí pé tinútinú lẹ fi fẹ́ra yín. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sínú fóònù yín lónìí, kẹ́ ẹ sì ra fódà kan tí líìsì, táàsì, ìwé inṣọ́ránsì àti fótò ọdọọdún á máa wọ̀.